Ìbéèrè Kejì: Ta Ni Olórí Pípé Láàrin Wa?

  

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni irú ẹni tó yẹ ká máa pè ní olórí pípé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan ní Ìlúpéjú yìí. Bí èsì JAMB bá ti jáde báyìí, "Mélòó lo gbà?" ni àwọn ará ilé fi ń kí ọmọ káàárọ̀. Ọmọ tó gba 300 nínú 400 ti di olórí pípé lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á pè é síwájú ìjọ, wọ́n á gbàdúrà fún un. Èyí tó gba 160, ìyá rẹ̀ kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà á. Àbúrò rẹ̀ sì lè wà nílé kan náà, tó jẹ́ pé bí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá kọṣẹ́, òun ni wọ́n ń wá kiri. A kò ní pe ìyẹn síwájú ìjọ.

N kò wá bu ẹnu àtẹ́ lu ìdánwò. Ẹni tí yóò fi ọ̀bẹ kàn mí lára ní yàrá iṣẹ́ abẹ, mo fẹ́ kó ti yege ìdánwò rẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo wá sọ ni pé òṣùwọ̀n wa kò tó nǹkan tí a ń fi wọ̀n. Lójú tèmi, olórí pípé ni ẹni tó jẹ́ pé nígbà tí ìdáhùn kan ti tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn, òun á tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Bí ohun tó rí bá yàtọ̀ sí ohun tó ti rò tẹ́lẹ̀, á jẹ́ kí ohun tó rí borí. Tó bá sì ti mọ̀ ọ́n tán, kò ní fi pamọ́ fún ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà tiwa. Àdúgbò ìtẹ̀wé ni a wà. Academy Press tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 wà ní Industrial Avenue níbí, Ṣómólú kò sì jìnnà sí wa, níbi tí ẹ̀rọ ti ń dún láti òwúrọ̀ dòru. Ìwé tí ọmọ yín ń gbé lọ sílé ìwé, kàlẹ́ńdà ara ògiri yín, páálí oògùn tí ẹ rà lánàá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ agbègbè yìí ni wọ́n ti tẹ gbogbo rẹ̀.

Mo dúró ti ọ̀gá ìtẹ̀wé kan nígbà kan lẹ́nu ẹ̀rọ Heidelberg. Ìwé mẹ́fà ni bàbá náà kà. Bí ẹ̀rọ ti ń pọ bébà jáde, àwọ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ rí i, ó sáré na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń fi kún íǹkì. Ọ̀gá di ọwọ́ náà mú. Omi ni ó lọ dín kù. Ẹ̀rọ tún tẹ bébà díẹ̀ sí i, ojú rẹ̀ ṣì burú, ọmọọṣẹ́ ń wo ọ̀gá, ọ̀gá ń wo bébà. Nígbà tó yá, pupa padà sípò. Ọmọ náà wá ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tó fi jẹ́ omi?" Bàbá náà kò jágbe mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé pé lórí pléètì, ibi tí àwòrán wà ló ń gba íǹkì, ibi tí kò sí àwòrán ló ń gba omi. Bí omi bá pọ̀ jù, á wọnú íǹkì, íǹkì á rọ, àwọ̀ á sì ṣá. Ẹni tó bá wá ń da íǹkì kún un, ìdọ̀tí ló ń wá.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọ̀ méjì tó yẹ kó bára wọn mu bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn ní etí bébà. Mo rò pé yóò tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kò tilẹ̀ wo ẹ̀rọ. Ó lọ síbi tí wọ́n to bébà sí, ó fi àtàǹpàkò fa etí rẹ̀ kọjá. Etí bébà ti ń ká bí ìgbì. Wọ́n ti já ọ̀rá ara rẹ̀ láti alẹ́ àná, kò síná, ẹ̀rọ amúlétutù kò ṣiṣẹ́ mọ́jú, òjò sì rọ̀. Bébà ti mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ó sì ti fẹ̀. Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀.

Mo ń ro ohun tí ọ̀gá náà ṣe nígbà náà títí di òní. Ohun tó hàn sójú ni pé àwọ̀ ṣá, ọmọọṣẹ́ sì dáhùn ohun tó hàn sójú. Ọ̀gá ń wá ohun tó mú kó hàn bẹ́ẹ̀. Ó tún ní sùúrù láti dúró wò ó bóyá òun tọ̀nà, nígbà tí bébà olówó ń bà jẹ́ níṣojú rẹ̀. Bí a bá gbé ìwé ìdánwò ka iwájú bàbá yìí, yóò fìdí rẹmi. Bí a bá sì gbé ẹni tó gba 300 síwájú ẹ̀rọ yẹn, bébà yóò tán kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ olórí pípé o. N kò fẹ́ kí a pe ọ̀kan ní olórí pípé, ká wá pe ìkejì ní "ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀".

Ìtàn tó tẹ̀lé èyí, ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a wò ó láti igun mìíràn. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọmọ Làìbéríà kan, Patrick Sawyer, sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà, ara rẹ̀ kò yá rárá. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì nígbà náà, ni wọ́n bá gbé e lọ sí First Consultants, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléńdé. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ibà ni. Ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀ ní Èkó? Ara gbígbóná àti èébì, ibà ni ọ̀pọ̀ jù lọ wa yóò pè é, a ó sì tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà.

Ní ọjọ́ kejì, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọkùnrin náà. Ìtọ́jú ìtọ̀ ṣúgà àti irú àwọn àìsàn bẹ́ẹ̀ ló kọ́ lákànṣe, kì í ṣe ti àrùn tó ń ràn. Àrùn Ebola kò tíì wọ Nàìjíríà rí. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ibà kò mú ọkùnrin yìí, ó sì ń ti ilẹ̀ tí Ebola ti ń pààyàn bọ̀. Ó bi í bóyá ó ti sún mọ́ ẹni tó ní àrùn náà. Ọkùnrin náà ní rárá. Bẹ́ẹ̀, kò tíì pẹ́ tí arábìnrin rẹ̀ bá àrùn náà lọ. Dókítà kò fi "rárá" yẹn pa ìwé dé. Ó ní kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, wọ́n ké sí ìjọba, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní Mùṣín tiwa níbí, wà lára ibi tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ni.

Kí èsì náà tó jáde, àwọn aláṣẹ Làìbéríà fúngun mọ́ wọn pé kí wọ́n tú u sílẹ̀, ó ní ìpàdé ECOWAS tó ń lọ ní Kàlàbá. Wọ́n tilẹ̀ fẹ̀sùn kàn wọ́n pé ńṣe ni wọ́n há èèyàn mọ́lé láìṣẹ̀ láìrò. Obìnrin náà kọ̀ jálẹ̀. Ẹ ro ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní ọkùnrin yẹn jáde sí Ọbáléńdé, kó wọ ọkọ̀, kó tún wọ ọkọ̀ òfurufú mìíràn.

Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù náà. Dókítà Adadevoh ti kó o, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà kú pẹ̀lú. Gbogbo ẹni tó ní àrùn náà ní Nàìjíríà jẹ́ 20, àwọn 8 ló kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ní ọdún kan náà tí ó ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ ní Gíní, Làìbéríà àti Sàró.

Gbogbo èèyàn ló ń yin ìgboyà rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni mo fẹ́ ká wò. Bí a bá gbé ìdánwò nípa Ebola síwájú àwọn dókítà Èkó lóṣù yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò yege. Ìyẹn kọ́ ló ṣòro. Èyí tó ṣòro ni kí èèyàn rántí Ebola nígbà tí ibà wà nílẹ̀ tó rọrùn láti pè. Kó mọ̀ pé ẹni tó ń ṣàìsàn lè ní ìdí tó fi ń purọ́. Kó sì dúró lórí ohun tó rí nígbà tí àwọn tó lágbára jù ú lọ ń fẹ́ kó sọ pé òun ṣì í. Bí a bá mú ìdúróṣinṣin kúrò nínú ọgbọ́n rẹ̀, kò sí ohun tí ọgbọ́n náà ìbá ṣe fún wa. Ìdí nìyí tí àwọn baba wa kì í fi pe ẹnikẹ́ni ní ọlọ́gbọ́n kí wọ́n má wo ìwà rẹ̀.

Òun nìkan kọ́ ló sì dá a ṣe. Kò sí ọlọ́gbọ́n tó lè ta kókó omi sétí aṣọ. Bí 900 èèyàn ni wọ́n tọpasẹ̀ wọn ní Èkó àti Port Harcourt, tí wọ́n ń bẹ̀ wọ́n wò lójúkojú ní ìgbà tó lé ní 18,000, tí wọ́n ń wo bí ara wọn ṣe gbóná tó. Ìjà tí a ti ń bá àrùn rọpárọsẹ̀ jà tipẹ́ ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣètò iṣẹ́ yìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn nínú oòrùn, tó ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé láìjẹ́ kí ẹyọ kan ṣoṣo fo, orí pípé lòun náà ń lò.

Ní oṣù kẹjọ ọdún Ebola yẹn kan náà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba orí fóònù pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún, Ebola kò ní ràn wá. Àwọn tó ní dìgírì méjì fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn lóru. Àwọn kan mu omi iyọ̀ náà débi pé ó pa wọ́n. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Báwo ló ṣe mọ̀?" Ìbéèrè méjì péré ni wọn kò béèrè.

Èyí tó tún ń dùn mí jù ni ọ̀ràn tó ti inú ilé iṣẹ́ wá. Ní ìparí ọdún 2008, àwọn ọmọ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìtọ̀ wọn ò dà mọ́. Oògùn eyín ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí wọ́n pò ní Èkó yìí, ni ìyá wọn fún wọn. Ọmọ 84 ló kú. Kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń lò nínú oògùn olómi, propylene glycol. Òmíràn wà tó jọ ọ́, diethylene glycol, tó jẹ́ tàwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, tí kò sì yẹ kó kan ẹnu ọmọ aráyé. Méjèèjì mọ́ gaara. Méjèèjì dùn díẹ̀ lẹ́nu. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ahọ́n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àyẹ̀wò láábù nìkan ló lè ṣe é. Ìkejì yìí ló sì wà nínú ohun tí wọ́n rà, ó sì ba kíndìnrín àwọn ọmọ náà jẹ́.

Ilé iṣẹ́ oògùn kì í gba òpè sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó kàwé ni wọ́n wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́: ní 1990, kẹ́míkà yìí kan náà nínú pàrásítámọ́ọ̀lù olómi ti pa àwọn ọmọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọdún méjìdínlógún ti kọjá lórí ẹ̀kọ́ náà. Ohun tó wà lára kẹ́ẹ̀gì bá ohun tí wọ́n fẹ́ rà mu, kò sì sí ẹni tó sọ pé ká tún un wò kí ó tó wọ ìgò. Ìmọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó máa béèrè lẹ́ẹ̀kejì ni kò sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ àti oògùn ní agbègbè yìí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Níbo ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn orí ti wá? Ní ilẹ̀ Faransé, ní 1905, Alfred Binet àti Théodore Simon ṣe ìdánwò kan fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí wọ́n tètè dá àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ mọ̀. Binet fúnra rẹ̀ kọ̀wé tako àwọn tó ń sọ pé bí orí ọmọ bá ti rí láti ilẹ̀ ni yóò rí títí láé. Ó ní a lè kọ́ ọmọ kó gbọ́n sí i. Ó kú ní 1911. Nígbà tí ìdánwò rẹ̀ fi máa sọdá sí Amẹ́ríkà, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n gbé fún un. Ní 1917, wọ́n fi irú rẹ̀ dán àwọn ọmọ ogun wò, wọ́n sì ń bi wọ́n ní orúkọ ọjà inú ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ítálì tàbí Rọ́ṣíà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí rẹ̀ kò pé. Ó dà bí ìgbà tí a bá bi ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì pé kí ni wọ́n ń fi ṣe gbẹ̀gìrì, tí kò mọ̀ ọ́n, tí a wá ní òmùgọ̀ ni.

Ìtàn kan tún wà láti Làìbéríà, ọmọ ìyá wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí mo fẹ́ràn gan-an. Ní ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà gbé ogún nǹkan síwájú àwọn àgbẹ̀ ẹ̀yà Kpelle, oúnjẹ àti irinṣẹ́ àti aṣọ àti ohun ìkóǹkansí, pé kí wọ́n tò ó. Ohun tí àwọn àlejò ń retí ni oúnjẹ lọ́tọ̀, irinṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn àgbẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ ti ọsàn, wọ́n ní ọ̀bẹ ló ń gé ọsàn, báyìí ni ọlọ́gbọ́n ń tò ó. Wọ́n ń tò ó bẹ́ẹ̀ títí, ó sú àwọn àlejò. Wọ́n wá béèrè pé báwo ni òmùgọ̀ yóò ṣe tò ó. Kíá, àwọn àgbẹ̀ kó oúnjẹ sọ́tọ̀, wọ́n kó irinṣẹ́ sọ́tọ̀, aṣọ sọ́tọ̀, ó gún régé, ohun tí ìdánwò ń wá gan-an. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti lè ṣe é. Wọn kò rí i bí ohun tó yẹ kí àgbàlagbà máa fi àkókò ṣe ni. Ó dára pé àwọn tó ń dán wọn wò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ká ní wọ́n ti palẹ̀ mọ́ lọ lẹ́yìn ìbéèrè àkọ́kọ́, ìwé ni wọn ìbá kọ pé àwọn Kpelle kò gbọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé, ká gba ọ̀nà Agége. Kí ilé iṣẹ́ tó dé ibẹ̀, oko ni. James Pinson Labulo Davies, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n bí ní Sàró, jẹ́ atukọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì di oníṣòwò ńlá ní Èkó. Òun ni ọkọ Sarah Forbes Bonetta, ọmọ tí Ọbabìnrin Victoria ń tọ́jú. Wọ́n gbéyàwó ní 1862. Owó rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ CMS Grammar School ní 1859. Lẹ́yìn náà, òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀. Ó jẹ gbèsè, ilé ẹjọ́ kéde rẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo Èkó sì mọ̀.

Bí ọkùnrin tó ti lówó tó bẹ́ẹ̀ bá ṣubú, ohun tí a mọ̀ ni pé yóò wá ọ̀nà padà sínú òwò kan náà. Davies lọ sínú igbó ní Ìjọ̀n, nítòsí Agége, ní nǹkan bí 1880, ó gbin kòkó. Ara ọkọ̀ ojú omi Brazil kan ni wọ́n ní ó ti rí èso rẹ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ tí kò ṣe rí ni, igi tí àwọn tó yí i ká kò mọ̀ ni. Ó ń gbìn ín, ó ń wò ó, títí ó fi mọ bí ilẹ̀ Ìjọ̀n ṣe ń gba kòkó.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Jacob Kehinde Coker ti kọ́ ọ, ẹni tó ní oko ńlá ní Ìfàkọ̀. Coker ló ṣáájú àwọn àgbẹ̀ tó dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907, ó sì wà lára àwọn aṣáájú Ìjọ African Church láti 1901. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn. Àwọn lébìrà ń ti òkè wá ṣiṣẹ́ ní oko Agége. Bí wọ́n ṣe ń padà sílé, èso kòkó wà nínú ẹrù wọn, ọ̀nà ìtọ́jú rẹ̀ wà ní orí wọn. Coker kò dá wọn dúró. Ìjọ rẹ̀ náà di ojú ọ̀nà: ibi tí oníwàásù bá dé, kòkó ń tẹ̀lé e. Owó kòkó ni Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi ran ọ̀pọ̀ ọmọ nílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1955, nígbà tí Ìkẹjà àti Mùṣín ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, tí iye ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò kọjá 800,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Àwọn kan nínú yín tó jókòó síbí, àgbẹ̀ tó gbé èso jáde ní Agége ló ra sìléètì bàbá yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ tó ń ká mi lára. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1923, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ìwé kíkà nílẹ̀ wa nígbà náà, Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbà á mọ́ ọmọ lọ́wọ́ láti kíláàsì kẹrin. Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì jẹ́ kí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó kúrò nínú Yorùbá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé dé òpin ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára ibi tí wọn kò ti rẹ̀yìn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó wà nínú kíláàsì kan ní Mùṣín. Ó fẹ́ béèrè ìdí tí kọ́ọ̀pù tútù fi ń làágùn. Ìbéèrè onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀ ní Yorùbá, wọ́n sì ti sọ fún un pé "fànákúlà" ni èdè yìí, ẹni tó bá sọ ọ́ á san owó ìtanràn. Ó gbé e mì. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a ó ní orí rẹ̀ kò yá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e, wọ́n ní èsì ìdánwò ló burú. Inú mi kò dùn sí i rárá. A kò kọ ìwé tó tó, a kò kọ́ olùkọ́ tó tó, ọdún mẹ́ta kò pé, a sì ti dá ẹjọ́. Fáfúnwá fi ọdún mẹ́fà wo ọmọ kan náà kó tó sọ̀rọ̀.

Kí ni mo wá ń tọrọ lọ́wọ́ yín? Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá sọ pé òun kò mọ̀, ẹ má fi ìyà dá a lóhùn. Ọmọ tí wọ́n bá nà nítorí pé kò mọ̀, irọ́ ló máa kọ́ pa. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin mọ iṣẹ́ yín jù mí lọ. Àyè díẹ̀ ni mo ń bẹ̀ fún lójúmọ́, kí ọmọ fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ohun tó yé e.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni ẹ̀bẹ̀ mi pọ̀ sí. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọmọọṣẹ́ tó ń béèrè jù, ipò ọ̀gá ló fẹ́ gbà. Ọmọọṣẹ́ ẹnu ẹ̀rọ Heidelberg yẹn sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà", ó sì béèrè. Kò sí àrífín níbẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí kò bá lè béèrè ìdí tó fi jẹ́ omi, yóò máa dín omi kù títí lọ́jọ́ tí omi kò ṣẹ̀.

Àwọn tó mọ ìdí náà sì ń lọ. Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Àwọn tó fi òórùn àti ìfọwọ́kàn mọ bí rọ́bà ṣe ń jiná, ibi tí olúkúlùkù wọn wọlẹ̀ sí, ta ló mọ̀ ọ́n? Àwọn kan ń wa ọkọ̀, àwọn kan ti padà sí abúlé, àwọn kan ti kú. Ìwé ìtọ́sọ́nà ẹ̀rọ á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù níbì kan, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ kò sí nínú ìwé yẹn. Àwọn ilé ìtẹ̀wé wa, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ àti ike àti oògùn tó ṣẹ́kù, ọ̀nà kan náà ni wọ́n wà bí a kò bá ṣe nǹkan kan. Ẹ fún àwọn àgbà ẹ̀rọ ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n mọ̀ àti bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, kí ọmọọṣẹ́ kan máa béèrè, kí ẹnìkan máa kọ ọ́ sílẹ̀. N kò ní gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ náà. Ilé iṣẹ́ tó bá ṣe tán, kó sọ ọjọ́ tó fẹ́, màá mú ìwé àti bírò mi wá.